Ilé Ọmọ Tí A Fi Aṣọ Agboòrùn Rán

Àwọn ọmọ tó ń parí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ṣábẹ̀ níbí máa ń yà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á kí mi tán, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní, "Tàntí, ṣé iṣẹ́ agbẹ̀bí dára?" Mo máa ń sọ fún wọn pé n kò mọ iṣẹ́ tó dára, n kò mọ èyí tí kò dára. Èyí tí mo ṣe ni mo mọ̀. Kí n má baà máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ fún olúkúlùkù, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kà á tán tó bá ṣì wù ú, kó lọ ṣe é.

Jústínì ni orúkọ ìrìbọmi mi. Bóní ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń dáko iṣu àti ẹ̀gúsí níbẹ̀. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn láti rò. Mo ṣe ìdánwò, mo yege, wọ́n kọ́ mi níwèé, wọ́n sì rán mi lọ sẹ́nu iṣẹ́. Owó oṣù kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi jẹun. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ni Màmá Fẹlisitẹ́. Obìnrin gbọọrọ ni, kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, kì í sì í pariwo. Bí o bá wọlé pẹ̀lú èékánná gígùn, kò ní bá ọ sọ̀rọ̀. Yóò kàn nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ìwọ náà yóò sì jáde. Igi pẹlẹbẹ kan wà nínú àpò aṣọ funfun rẹ̀. Bí o bá gbàgbé ohun tó kọ́ ọ lánàá, yóò fi kan eegun ìka rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Ojú àwọn tó ń wò ọ́ ló máa ń dunni.

Ó ní àwọn igbá kéékèèké kan tó gé ẹnu wọn ní oríṣiríṣi ìwọ̀n. Yóò kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, yóò da aṣọ bò wọ́n, yóò ní kí a ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà kí a fi ìka méjì wọn ẹnu igbá, kí a sọ bó ṣe fẹ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ń ṣí nígbà tí obìnrin bá ń rọbí. Ó máa ń sọ pé, "Ojú kì í dé ibi tí ọwọ́ agbẹ̀bí ń dé. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín lójú." Ahọ́n màlúù tí a rà lọ́wọ́ alápatà la fi kọ́ rírán ojú ọgbẹ́. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó fi jẹ́ ahọ́n màlúù. Ó ní, "Torí pé màlúù ti kú. Kò ní ké."

Lẹ́yìn igbá àti ahọ́n màlúù, ara ènìyàn ló kù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbẹ̀bí fúnra mi, obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì gbójú sókè wò mí, ó sì bi Màmá Fẹlisitẹ́ pé, "Ṣé ọmọ yìí ti gbẹ̀bí rí?"

Màmá ní, "Yóò gbẹ̀bí lónìí."

Obìnrin náà di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ọmọ náà wáyé láyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá tún ọwọ́ mi gbé síbi tó yẹ, mo sì mọ̀ pé obìnrin náà rí i. Bí ọmọ onígbàjámọ̀ ṣe ń fi orí olórí kọ́ ìfárí, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń fi ara aboyún kọ́ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rò pé ọ̀nà mìíràn wà.

Ọdún ń gorí ọdún, irin iṣẹ́ ń yí padà. Ìwo onígi tí a máa ń gbé lé ikùn láti gbọ́ ọkàn ọmọ di ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí a ń sè nínú ìkòkò di èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń sọ nù. Àtùpà elépo yàgò fún iná oòrùn. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kì í ṣe irin.

Nígbà tí mo ti di àgbà lẹ́nu iṣẹ́, mo wà ní ilé ìgbẹ̀bí kan tí n kò ní dárúkọ. Afúsá wà níbẹ̀, agbẹ̀bí ọ̀dọ́ tí kò tíì pẹ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́. Dósù wà níbẹ̀, òun ni nọ́ọ̀sì. Ìyá kan tún wà tó máa ń tún ilé ṣe, tó sì máa ń ràn wá lọ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan, wọ́n fi ọ̀kadà gbé obìnrin kan wá láti Ofẹ̀. Àdùkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọláìtán ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú igbá ẹrù. Ẹlòmíràn ń rọbí lọ́dọ̀ mi nínú yàrá kejì, nítorí náà Afúsá ló gba Àdùkẹ́. Ó bímọ obìnrin, ọmọ náà ké, ibi ọmọ jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ìbímọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ilé ọmọ ti rọ̀, kò sún kì. Ó yẹ kí ẹnì kan fi ọwọ́ ra á lórí ikùn títí yóò fi le, kí ẹlòmíràn gún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ tó ń mú un sún kì, kí ẹlòmíràn fa omi sí i lára, kí wọ́n sì pe gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí. Kò sí èyí tí Afúsá kò mọ̀ nínú rẹ̀. Dósù mọ̀ ọ́n. Ìyá náà pàápàá ti rí i rí.

Oògùn abẹ́rẹ́ náà wà nínú fírígò tó ń mú un tutù, fírígò wà lábẹ́ àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú oògùn, ẹni tó ti lọ jẹun. Dósù sáré wá kọ́kọ́rọ́. Ìyá náà sáré jáde láti wá kọ́kọ́rọ́ kan náà. Afúsá nìkan ló kù pẹ̀lú Àdùkẹ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó pè mí. Dósù rò pé Afúsá ti pè mí, Afúsá rò pé Dósù yóò kàn sí mi lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo parí lọ́dọ̀ obìnrin tèmi tí mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí ẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Mo wọlé, mo gbé ọwọ́ lé ikùn Àdùkẹ́, ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. A ra á, oògùn dé, a fún un, a gbé e sínú ọkọ̀ láti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó kú lójú ọ̀nà.

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, wọ́n pọ̀ níbẹ̀, orí sì wọ́.

Ọláìtán padà wá lẹ́yìn ìsìnkú. Kò bínú. Ó dúró lọ́dẹ̀dẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín léèrè. Ẹ pọ̀ nínú ilé yìí lọ́jọ́ náà. Kí ni olúkúlùkù yín ń ṣe?"

Olórí ilé ìgbẹ̀bí dá a lóhùn pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọláìtán ní òun gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí òun bèèrè nìyẹn. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Afúsá kò padà síṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Ṣábẹ̀, ó ń rán aṣọ. Mo lọ bá a. Ó kí mi dáadáa, ó gbé àga fún mi, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

Ó ní, "Tàntí, bí mo bá rán aṣọ tí kò bá oníaṣọ mu, mo lè tú u."

Mo mu omi tí ìyá rẹ̀ fún mi, mo padà sílé.

Nígbà tó yá, wọ́n pe àwa agbẹ̀bí kan lọ sí Pàràkú fún ẹ̀kọ́ tuntun. Ẹ̀kọ́ àfarawé ni wọ́n pè é. Nígbà tí a dé yàrá, ọmọlangidi rọ́bà la bá lórí tábìlì. Àwa àgbà wo ara wa. Obìnrin kan tó jókòó tì mí sọ pé, "Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ni mo ti pọn ọmọlangidi kẹ́yìn." A rẹ́rìn-ín.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló ń kọ́ wa. Ó ní kí ẹnì kan ṣe aboyún. Nítorí pé èmi ni mo sún mọ́ ọn, ó mú mi. Wọ́n so ikùn rọ́bà mọ́ mi lára, àpò omi pupa wà nínú rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ń tú u sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Mo dùbúlẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbẹ̀bí ọmọlangidi náà, mo sì jẹ́ kí omi pupa máa ya. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹnì kan ń wá abẹ́rẹ́, ẹlòmíràn náà ń wá abẹ́rẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ kọjá lórí mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kọjá lórí ògiri. Ọ̀kan bi èkejì ibi tó fi ìbọ̀wọ́ sí. Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Mo mọ̀ pé omi lásán ni, síbẹ̀ mo rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àdùkẹ́ ni mo ń wò láti ibi tí òun ti wò ó.

Nígbà tí eré náà parí, dókítà kó wa jọ yíká. Mo ń retí kó sọ ẹni tó ṣàṣìṣe, bí Màmá Fẹlisitẹ́ ì bá ti ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, kí ni wọ́n rò nígbà yẹn, kí ni ì bá ti ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Màmá, kí ni ẹ̀yin gbọ́ níbi tí ẹ dùbúlẹ̀ sí?"

Mo ní, "Mo gbọ́ pé ẹ ti gbàgbé mi."

A tún eré náà ṣe. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó fi eré yìí kọ́ wa láti wo ẹ̀yìn, ọmọdé la ń ṣe.

Ọmọlangidi Pàràkú kò bá wa délé. Mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Afúsá, mo mú fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó, agboòrùn tó ti fàya àti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Mo ní, "Rán ilé ọmọ kan fún mi."

Ó wo ẹrù mi. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Tàntí?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó yí aṣọ agboòrùn náà wò lọ́wọ́, ó rí i pé omi kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ fóòmù nìkan, yóò máa le nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é kó rọ̀ bí ẹ bá fi sílẹ̀, kó le bí ẹ bá fún un lọ́wọ́." Ó rán an, ó tú u, ó tún un rán. Nígbà tó parí, ó ní òun yóò gbé e wá fúnra òun, torí pé a kò ní mọ bí a ó ṣe so ó mọ́ra. Ó dé, ó so ó mọ́ mi, ó ní kò jókòó síbi tó yẹ, ó tún un so. Dósù bẹ̀rẹ̀ sí í ra á. Afúsá wò ó títí, ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ lọ sókè jù," ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Ó padà síṣẹ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Olórí ilé ìgbẹ̀bí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ó ní a ń fi iṣẹ́ ìjọba ṣeré. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán gangan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú, kóun náà jókòó wò ó. A fi omi ìṣápá ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo tú u sílẹ̀. Dósù sáré wá kọ́kọ́rọ́. Ìyá olùrànlọ́wọ́ wa sáré wá kọ́kọ́rọ́. Olórí wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọlu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jókòó yíká, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ yọ àgádágodo yẹn kúrò."

Àtìgbà náà ni oògùn ti ń wà nínú fúláàsì oníyìnyín kékeré nínú yàrá ìbímọ, tí gbogbo ohun tí ẹ̀jẹ̀ yíya ń fẹ́ sì wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A fẹnu kò pé ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ yóò ké pè síta, ẹni tó bá sì ń ṣe nǹkan yóò sọ ohun tó ń ṣe kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

Nígbà náà ni mo tó lọ sí Ofẹ̀. Mo bá Ọláìtán lóko, ó ń kọ ebè iṣu. Ọmọbìnrin tí Àdùkẹ́ bí ti ń rìn, ó ń ṣa ewé kiri lábẹ́ igi. Mo dáhùn ìbéèrè tó bi wá. Mo sọ ohun tí olúkúlùkù ń ṣe fún un, bí mo ṣe ti sọ ọ́ yìí, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí.

Ó ní, "Ẹ ṣé. Ó dára kéèyàn mọ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Nǹkan kan ṣì kù. Abẹ́ igi ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, mo ń jẹ ẹ̀pà. Mo rí àwọn tó ń sáré, mo rò pé nítorí obìnrin mìíràn ni. Kò sẹ́ni tó wá sọ nǹkan kan fún mi."

A kò ro ìyẹn rí. Láti ọjọ́ yẹn, nínú gbogbo eré tí a ń ṣe, ẹnì kan ń jáde lọ bá àwọn ará ilé aboyún.

Mo mú Màmá Fẹlisitẹ́ wá wò wá nígbà kan. Ó ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó jókòó, ó wo eré náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ó ní, "Ọmọlangidi kì í kú. Ẹni tí ẹ̀rù kò bá bà, báwo ni yóò ṣe kọ́ iṣẹ́?"

Mo ní, "Màmá, ẹ̀rù ti ba Afúsá rí. Wíwo ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rù kọ́ ọ."

Ó wo ilé ọmọ alágboòrùn náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ẹ tún un ṣe," ó wí. "Èyí tó ń gún abẹ́rẹ́ yẹn ń lọ́ra."

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tí obìnrin kan dé láti Kabua, ó bí ìbejì, ẹ̀jẹ̀ sì ya. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Afúsá ti ké pè síta kí n tó gbé ẹsẹ̀. Ó ní, "Mo ń ra ikùn." Dósù ní, "Mo ti gún un ní abẹ́rẹ́." Ìyá náà ti jáde lọ bá ọkọ. Afúsá rọra tẹ orí ba, ó ń bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ létí, ó ń sọ ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe fún un. Iṣẹ́ tó kù fún mi ni kí n gbé àwọn ìbejì. Ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà ní òun fẹ́ mu ẹ̀kọ gbígbóná. Afúsá lọ síbi ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀. N kò lọ bá a. Ó padà wọlé nígbà tó ṣe tán.

Ẹ má ṣe rò pé ikú kò wá mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó wá. Àwọn àìsàn kan wà tí eré wa kò dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kan sì ń pẹ́ jù lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó yí padà ni pé bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè ohun tí olúkúlùkù ń ṣe, a ní èsì.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Afúsá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń wá ṣe sitáàjì, ìyẹn ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì máa ń ránṣẹ́ pè mí kí n wá ṣe aboyún fún wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá àgbà àwọn ń bímọ lóṣooṣù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí kò tíì fọwọ́ kan aláboyún rí ló gbẹ̀bí mi. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ké pè, ó sọ ohun tó ń ṣe, ó wo ojú mi. Nígbà tí a parí, tí Afúsá ń bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí, ọmọbìnrin náà sún mọ́ mi, ó rọra bi mí pé, "Màmá, ṣé n kò ṣe yín léṣe?"

Mo ní, "O kò ṣe mí léṣe. Ọwọ́ rẹ ló tutù. Máa fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó o tó gbé e lé obìnrin lára."